Wọ́n Dá Ayé Bí Ẹni Dá Agbádá

Ní Amsterdam, ní nǹkan bí ọdún 1660 sí 1680, olówó tí kò bá ní átílásì, ìyẹn ìwé tí wọ́n kó máàpù ayé jọ sí, nílé, a jẹ́ pé owó rẹ̀ kò tíì hàn sójú ayé. Átílásì tí à ń wí yìí kì í sì í ṣe èyí tí a kàn ń gbé kúrò lórí àtẹ. Joan Blaeu tẹ ọ̀kan jáde ní èdè Látìn ní ọdún 1662, ìdìpọ̀ 11, máàpù inú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600. Ṣùgbọ́n iyì wo ni ó wà nínú ohun tí ará ilé kejì náà lè rà? Gbajúmọ̀ a máa dá ayé bí ẹni dá agbádá: yóò ṣa máàpù ní ewé kọ̀ọ̀kan, yóò gbé wọn fún akunwòrán, yóò sì yan awọ tí wọn yóò fi dì wọ́n.

Laurens van der Hem, lọ́yà ìlú náà, ni ìdìpọ̀ 11 ti Blaeu kò yó rárá. Ó ń fi máàpù lé máàpù, ó ń fi àwòrán lé àwòrán, títí ohun tí ó kó jọ fi lé ní 2,400. Dirk Jansz van Santen wà lára àwọn tí ó ń bá a kùn ún, ọkùnrin tí kì í ṣahun wúrà rárá, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé oníbàárà ni ó ni wúrà.

Johannes Klencke àti àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣáájú wọn gbọ́n. Ní ọdún 1660, wọ́n ta Ọba Charles Kejì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ átílásì kan tí ó ga ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, a kì í kà á. Ńṣe ni a ń bá a dúró kí a lè mọ ẹni tí ó ga jù. Ọba sì fi oyè dá Klencke lọ́lá, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé bébà náà wọ́n jù.

Ẹ wá bá mi ṣí máàpù Guinea, bí wọ́n ṣe ń pe etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà náà, tí Blaeu tẹ̀, ẹ wo apá ọ̀dọ̀ wa. Orúkọ tò sí etíkun bí ìjàlọ. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ti wọ inú ilẹ̀ lọ, níbi tí ìlú, ọjà àti ààfin wà, erin ni bàbá kó síbẹ̀. Gbajúmọ̀ á ní kí wọ́n fi wúrà kún erin náà, wọn á sì kùn ún dáadáa. Aláàfin wà ní Ọ̀yọ́, kò gbọ́ pé wọ́n ti ya erin lé òun lórí.