Ibi tí ìjókòó ọmọ ò ti ní mì nínú ọkọ̀

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé ọmọ ọwọ́ rìn nínú mọ́tò ní Ìlọrin níbí, èrò ọkàn mi rèé lórí ọ̀rọ̀ car seat, ìyẹn ìjókòó tí a ń de ọmọ mọ́ nínú ọkọ̀. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní àárín ìjókòó ẹ̀yìn ni kí n gbé e sí. Òótọ́ wà níbẹ̀, nítorí àárín ló jìnnà jù sí ilẹ̀kùn méjèèjì bí ọkọ̀ mìíràn bá wá gbá tiyín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo ti là mí lóye.

Ìkómọ là ń lọ ní Ọ̀fà. Ọmọ mi ò tíì pé oṣù mẹ́rin. Mo gbé ìjókòó rẹ̀ sí àárín, mo fi bẹ́líìtì dè é, ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí ewúrẹ́ kan ṣe já lu títì, ọkọ mi tẹ búrèkì. A ò gbá nǹkan kan, Alhamdulillahi. Ìgbà tí mo máa wẹ̀yìn, ìjókòó ọmọ ti dà sí èjìká ìyá ọkọ mi, àgbọ̀n ọmọ sì ti kan àyà rẹ̀. Ìyẹn nìkan lè dí èémí ọmọ ọwọ́!

A páàkì. Mo tọwọ́ bọ ìdí ìjókòó náà. Àárín ẹ̀yìn ọkọ̀ tókunbọ̀ wa ga sókè bí ebè, ìdí ìjókòó ọmọ ò balẹ̀ dáadáa lórí rẹ̀. Bẹ́líìtì ibẹ̀, ti ìbàdí nìkan ni. Bí mo ṣe fà á tó, ó ṣì ń fì sọ́tùn-ún sósì.

Màámá ní, "Ṣé o rí i, ìyàwó mi? Ò bá ti jẹ́ kí n gbé e lé ẹsẹ̀." Mi ò bá wọn jiyàn létí títì, ṣùgbọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́ níbí: bí ọkọ̀ tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá kọlu nǹkan, kò sí apá tó lè di ọmọ mú. Bó ti wù kí a fẹ́ràn ọmọ tó, yóò já gbà.

Apá ọ̀tún ni mo gbé e sí, lẹ́yìn ẹni tó jókòó níwájú. Ibẹ̀ tẹ́jú, bẹ́líìtì èjìká sì wà níbẹ̀. Mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo fa bẹ́líìtì títí kò fi sí àyè mọ́. Mo wá dì í mú níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, mo mì ín. Bó bá sún ju sẹ̀ńtímítà 2.5 lọ, kò tíì le.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní apá òsì ló yẹ. Lọ́dọ̀ tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni, torí òsì títì ni wọ́n ń gbà. Àwa ti bọ́ sí ọ̀tún láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, ilẹ̀kùn ọ̀tún tiwa ló kọjú sí etí títì. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀ ní Post Office rí, tí ọ̀kadà àti Marúwá ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á mọ ohun tí mò ń wí.

Ọ̀rọ̀ iwájú ọkọ̀ ò tiẹ̀ gba àríyànjiyàn. Ọmọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn, kí ìjókòó lè gba orí àti ọrùn rẹ̀ dúró. Bí ẹ bá wá gbé irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ síwájú airbag, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń wú jáde bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, tí airbag sì bú jáde, ẹ̀yìn ìjókòó tí orí ọmọ fara tì gan-an ló máa gbá. Ó lè pa ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò, ì báà ṣe láti Tanke dé Challenge péré.

Nígbà tí a tún ń lọ Ọ̀fà lóṣù tó kọjá, Màámá fúnra wọn ló kọ́kọ́ di ìjókòó náà mú, wọ́n mì ín. Wọ́n ní, "Fà á sí i, ìyàwó mi, ó ṣì ń rìn díẹ̀." Mo fà á.