Ẹni tó di dígà mú ló kọ́kọ́ ń rí i

Nígbà tí bùrọ̀dá mi ń kọ́lé ní Ifẹ̀, èmi ni wọ́n ní kí n máa dúró ti àwọn òṣìṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ ihò ṣọ́káwéè, kòtò ò tíì mu èèyàn dé orúnkún tí dígà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ró kan-kan-kan. Ọmọkùnrin tó ń gbẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ gbá erùpẹ̀ kúrò. Àpáàdì ni. Kì í ṣe àpáàdì tí wọ́n dà sí ààtàn o. Etí ló fi dúró, ó tò bí ọmọ àgbàdo ṣe ń tò lára ṣùkù, ìlà kan dà sápá ọ̀tún, èkejì dà sápá òsì, bí egungun ẹja. Òkúta funfun wẹ́wẹ́ wà láàárín wọn.

Gbogbo wa dákẹ́. Ta ni ọmọ Ifẹ̀ máa bi pé kí nìyí? Ohun tí wọ́n ti ń pìtàn rẹ̀ fún wa láti kékeré ni: Lúwo, Ọọ̀ni obìnrin, tí àwọn àgbà ní ó pàṣẹ pé kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ìgboro kí ẹrẹ̀ má baà ta sí òun láṣọ. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti lé ní 600 ọdún.

Bùrọ̀dá mi dé, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Èyí mà rẹwà o." Wọ́n wá yíjú sí bíríkìlà: "Ẹ máa gbẹ́ ẹ lọ." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilẹ̀ Lúwo ti wà nínú bárò.

Inú bí mi nígbà yẹn. Nísinsìnyí, mo mọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Owó kọpúrétíìfù ni wọ́n fi ń kọ́lé náà. Búlọ́ọ̀kù ti wà nílẹ̀, sìmẹ́ǹtì ti ń dì sínú àpò. Bí wọ́n bá pariwo síta, ohun tí wọ́n rò pé yóò tẹ̀ lé e ni kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ̀wé sára ògiri pé iṣẹ́ ti dúró, kó dúró lóṣù mẹ́ta, kó dúró lọ́dún kan, kí ẹnikẹ́ni má sì wá sọ pé ẹ gba kọ́bọ̀ fún ìdádúró. Èrò tèmi nìyí: níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó bá rí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nílẹ̀ rẹ̀ bá mọ̀ pé gbèsè lòun rí, yóò bò ó mọ́lẹ̀ ni. Èmi náà lè bò ó.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó ń kọ́lé wà lára àwọn tó fi Ifẹ̀ han ayé. Ní 1938, ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, kò jìnnà sí ààfin, tí dígà fi kan orí bàbà. Orí tí wọ́n kó jáde níbẹ̀ lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ìjọba tó ta pútú, ọ̀kan ti dé British Museum ní London, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní. Méjì bọ́ sọ́wọ́ William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, tó padà dá wọn wálé nígbà tó yá. Ní 1957, àwọn òṣìṣẹ́ ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kan ní Ìta Yemòó, wọ́n kan ère bàbà ọba àti olorì tí wọ́n kọ́ra lápá kọ́ra lẹ́sẹ̀. Frank Willett, awalẹ̀pìtàn, wá gbẹ́ ibẹ̀, ó sì bá ilẹ̀ àpáàdì níbẹ̀ pẹ̀lú. Torí pé wọ́n yọ ilẹ̀ yẹn sọ́tọ̀ ló ṣe kù. Ní Igbó Olókun, níbi tí ilé ti ń jẹ igbó lọ díẹ̀díẹ̀, kòtò díẹ̀ tí awalẹ̀pìtàn Abidemi Babalola gbẹ́ mú ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú ẹ̀rí pé àwọn baba wa ló ń yọ́ dígí fúnra wọn.

Mélòó la ti pò mọ́ kọńkéré?

Wọ́n á ní òfin wà. Ó wà lóòótọ́. Òfin 77 ti 1979, èyí tó dá àjọ tó ń rí sí mùsíọ́mù sílẹ̀, ní kí ẹni tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi tó àjọ náà létí. Ṣùgbọ́n ìgbà tí dígà ti wọlẹ̀ lòfin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Nígbà tí bùrọ̀dá mi ń gba àpúrúfù pláànù, wọ́n bi wọ́n pé báwo ni ṣọ́káwéè ṣe jìnnà sí kànga, wọ́n bi wọ́n pé ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló wà láàárín ilé àti ojú títì. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó wà nínú ilẹ̀. Ní Ifẹ̀!

Kódà orúkọ nínú ìwé ìjọba nìkan ò tó. Ìlọ́jọ̀ Bar ní Tinúbú, l'Ékòó, ilé tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé fi ọwọ́ ara wọn kọ́, ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956. Oṣù Kẹsàn-án 2016 ni wọ́n wó o.

Ní Brazil ọ̀hún, ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Ní 2011, wọ́n ń tún agbègbè èbúté Rio de Janeiro ṣe de Olympics. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti wà nínú iṣẹ́ náà, Tania Andrade Lima ló ṣáájú wọn, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n bá Valongo, èbúté ọdún 1811 tí nǹkan bíi 900,000 ọmọ Áfíríkà gbà wọ oko ẹrú. (Púpọ̀ nínú wọn, ará Kóńgò àti Àǹgólà ni, kí á má sọ pé tiwa ni gbogbo rẹ̀.) Ní 1843, wọ́n ti fi òkúta mìíràn bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ayaba kan tó ń bọ̀ láti Yúróòpù. Owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ wà nínú iyẹ̀pẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìlú, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà àti ẹ̀kọ́, sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2017. Iṣẹ́ èbúté ò torí ẹ̀ dúró.

Mo mọ ẹni tó máa sọ pé ebi ń pa wá, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ àpáàdì. Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé. Èèyàn ló ń gbé Ifẹ̀, kì í ṣe ère. Ibi tí nǹkan wọ̀nyí pọ̀ sí ò pa mọ́: ẹ yà á sórí máàpù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí pláànù. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá bọ́ síbẹ̀, kí awalẹ̀pìtàn gbẹ́ kòtò àyẹ̀wò kan tàbí méjì kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Yunifásítì wà nínú ìlú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá ibi tí wọ́n á ti kọ́ṣẹ́. Kó má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó fẹ́ gbé katapílà wọlé, kó sanwó tirẹ̀. Àpáàdì ló tó ko iná lójú, wọ́n ò sọ pé ó tó ko katapílà. Bí iṣẹ́ bá sì gbọ́dọ̀ dúró, kí ìjọba san owó ìdádúró, láìjẹ́ pé onílé lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ilẹ̀ ṣì ṣẹ́ kù dáadáa lẹ́yìn ilé ìdáná bùrọ̀dá mi. Wọn ì bá sún ihò yẹn síbẹ̀ ká ní ẹnìkan ti sọ fún wọn nígbà tí pláànù ṣì wà lórí bébà.

Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé kékeré kan sí ìyókù ilẹ̀ náà báyìí. Wọ́n pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí n wá bá wọn dúró ti àwọn bíríkìlà. Mo ní, "Bùrọ̀dá mi, ibo lẹ fẹ́ gbẹ́ ṣọ́káwéè sí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "O ti tún fẹ́ gbé Lúwo dé." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní kí n mú ẹni tó mọ̀ ọ́n dání bí mo bá ń bọ̀ ní Sátidé.