Simulation Dáa, Àmọ́ Bùrẹ́ẹ̀tì Ò Gbọdọ̀ Kúrò Nílẹ̀

Ẹ̀yin tíṣà kẹ́mísírì ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín wà ní SS1 sí SS3, ẹ dákun, ẹ dúró gbọ́ tèmi. Àwọn iléèwé aládàáni kan ti ń fi láàbù orí kọ̀ǹpútà, ìyẹn simulation, polówó ara wọn báyìí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìgò àti ásíìdì ti di tayé àtijọ́. Ó ń bí mi nínú, kì í sì í ṣe torí pé mo kórìíra kọ̀ǹpútà.

Èmi gan-an ń lò ó. PhET, àkójọ simulation sáyẹ́ǹsì, ni mo ń lò jù, èyí tí Carl Wieman dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní Boulder, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 2002, ọdún kan péré lẹ́yìn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè dáńlóòdù èyí tó bá wù yín nílé, kẹ́ ẹ wá ṣí i ní kíláàsì láìná dátà kankan. Iná ìjọba nìkan ló kù, ìyẹn ò sì sí lọ́wọ́ Wieman.

Ibi tó ti wúlò jù ni ibi tójú ò lè dé. Ta ló rí mólékù rí? Àwọn ọmọ wa lè ka ìtumọ̀ sólíìdì, líkúìdì àti gáàsì lórí láìdúró mí. Ẹ wá bi wọ́n pé kí ló wà láàárín mólékù omi kan sí èkejì. Ọ̀pọ̀ á ní afẹ́fẹ́ ni. Ẹ ṣí simulation PhET tó ń jẹ́ States of Matter níwájú wọn, ẹ mú omi, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ kan fọwọ́ ara rẹ̀ mú un tutù. Àwọn mólékù tó ń rọ́ lu ara wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í tò, wọ́n á dira wọn mú, ihò á sì wà láàárín wọn. Kò sí ohunkóhun nínú ihò yẹn. Ibẹ̀ lẹnì kan á ti pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Sà, ṣé ìdí nìyẹn tígò omi fi máa ń bẹ́ nínú fìrísà?" Ìdí nìyẹn: ihò yẹn ló ń mú kí yìnyín gba àyè ju omi lọ.

Lọ́dún 1991, Alex Johnstone tó ń kọ́ni ní Glasgow kọ ọ́ pé ipele mẹ́ta ni kẹ́mísírì ní: èyí tójú rí, èyí tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, àtèyí tá à ń fi àmì kọ sójú bọ́ọ̀dù. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì wa, àmì yẹn nìkan là ń kọ́ wọn. Ìdí rèé tọ́mọ tá a ní kó mú H₂ + O₂ → H₂O dọ́gba á fi lọ kọ 2 kékeré sábẹ́ O, tómi á wá di háídrójìn pẹ́rọ́ksáìdì lójijì. Nínú simulation Balancing Chemical Equations, ọwọ́ ò lè kan nọ́ńbà kékeré yẹn rárá. Iye mólékù nìkan lèèyàn lè yí padà.

Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di fíìmù. Bí tíṣà bá ń tẹ bọ́tìnnì, táwọn ọmọ kàn ń wò, wọn ò kọ́ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n rò pé ó máa ṣẹlẹ̀. Nínú simulation pH Scale, mo máa ń ní kí wọ́n bu omi sí omi ọsàn títí, kí wọ́n sọ ibi tí pH máa dé, ìyẹn nọ́ńbà tó ń wà lábẹ́ 7 fún ásíìdì, tó ń ju 7 lọ fún báàsì. Àwọn kan á búra pé tómi bá ti pọ̀ tó, ásíìdì á di báàsì. Wọ́n á bu omi, pH á gòkè, á máa súnmọ́ 7, kò ní kọjá ibẹ̀. Ariwo tó máa ń sọ nígbà náà dùn mọ́ mi ju kíláàsì tó dákẹ́ rọ́rọ́ lọ.

Titration ńkọ́, ìyẹn kéèyàn máa fi bùrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì onínọ́ńbà tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí tó ń pa, kán ásíìdì sínú báàsì títí wọ́n á fi dọ́gba? Ibẹ̀ lèmi àtàwọn onípolówó yẹn ti yà. Lójú kọ̀ǹpútà, afẹ́fẹ́ kì í há sẹ́nu bùrẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ kì í gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó máa tẹ̀ ba kójú ẹ̀ lè bá ìlà omi dọ́gba kó tó kà á. Ọmọ tí ò bá mọ bó ṣe ń fìka rọra dá omi dúró, methyl orange, aró tó ń fi àwọ̀ sọ ibi tó yẹ ká dúró, á ti pupa kọjá ibi tó yẹ kó tó mọ̀. Ìka ló ń kọ́ ìyẹn. Ti ìdánwò iyọ̀ tún wà ńbẹ̀: ẹ da sódíọ̀mù háídrọ́ksáìdì sí iyọ̀ amóníọ̀mù, ẹ fi iná yá a díẹ̀, òórùn amóníà á gún yín nímú, bébà lítímọ́ọ̀sì pupa tẹ́ ẹ fomi rin á di búlúù. Kọ̀ǹpútà kì í rùn. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ yìí gan-an ni WAEC ń bi wọ́n nínú ìwé práktíkà.

Ọ̀gá iléèwé kan wí fún mi pé kò sídìí láti ra ásíìdì mọ́, níwọ̀n ìgbà tí láptọ́ọ̀pù ti wà. Mo bi í bóyá ó máa gbà kẹ́ni tó fi géèmù fóònù kọ́ mọ́tò wà á lọ sÉkòó. Ó rẹ́rìn-ín. Kò ra ásíìdì náà ṣá.

Lọ́jọ́ titration, láptọ́ọ̀pù tèmi kì í jáde nínú àpò. Ẹ̀yin òbí, tí wọ́n bá mú yín wo yàrá kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọmọ síléèwé, ẹ ní kí wọ́n ṣí láàbù náà fún yín. Ẹ yí ẹnu ẹ̀rọ omi ibẹ̀, ẹ wò ó bóyá omi ń jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé bùrẹ́ẹ̀tì mélòó ló wà fọ́mọ mélòó.