Ṣebí ẹ̀yìnkùlé yín náà ló ti ń jáde

Ẹni tó bá tún sọ gbólóhùn yìí sí mi létí nígbà tó bá ń ná ẹyin adìẹ mi, màá ti géètì mọ́ ọn lójú. Mo ti sọ tèmi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ níbí, ẹ mọ ọ̀rọ̀ àwọn adìẹ mi. Ẹ mọ ẹjọ́ tí ọkọ mi kọ́kọ́ rò nípa òórùn. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí ẹyin fẹ́ di ohun tí apá tíṣà ò ká mọ́ ni mo lọ ra adìẹ ẹlẹ́yin, tí mo ní kí káfíńtà kan ilé fún wọn lẹ́yìn kíṣìnnì. Ní 2020, kíréètì ẹyin kan ò tó ₦1,500 ní Ìbàdàn níbí. Ní báyìí, ó ti ju ₦5,000 lọ. Ọmọ mẹ́rin ni mo ń bọ́, kò sí èyí tí kò lẹ́nu nínú wọn.

Ṣùgbọ́n adìẹ kì í ka iye ẹnu tó wà nílé kó tó yé. Nígbà tí yíyé bá wọ̀ wọ́n lára, ọ̀pọ̀ nínú wọn á yé lónìí, á yé lọ́la, bóyá kí wọ́n fo ọjọ́ kan lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. A sè é, a dín in, a fi se ẹ̀fọ́, títí àwọn ọmọ fi ní ẹyin ti sú àwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ugwu: ẹ gé orí rẹ̀ lónìí, á tún yọ méjì síbẹ̀. Ewédú wà, efinrin wà, ata rodo tí mo gbìn sínú ike ọ̀dà àtijọ́ ń so bí ẹni pé wọ́n bú u. Àjẹṣẹ́kù yìí ni mò ń tà. Mo kọ "Ẹyin wà, ẹ̀fọ́ wà" sára pákó pẹlẹbẹ kan, mo fi okùn so ó mọ́ géètì. Mi ò gba ṣọ́ọ̀bù, mi ò pàtẹ sójú títì, ọkọ̀ ẹnikẹ́ni ò yà fún mi rí.

Kì í sì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ní 1976, ìjọba Ọbásanjọ́, nígbà tó ṣì wà nínú aṣọ ológun, ló gbé Operation Feed the Nation dé, tí wọ́n ní kí gbogbo wa, títí kan ọmọ iléèwé, gbin nǹkan sí àyíká ilé. Kí ìyẹn tó dé rárá, àwọn àgbẹ̀ tiwa máa ń kó iṣu àti èso kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọn á to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀, iye òkúta ni yóò sọ iye owó, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ á ju owó sílẹ̀, á gbé ọjà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bẹ òkúta pé kó gbé e wá sílẹ̀ díẹ̀.

Èmi ni wọ́n rí bẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, bàbá kan ní àdúgbò wa, tí wọ́n ń gbé ilé alájà méjì lókè lọ́hùn-ún, dá ọkọ̀ dúró níwájú géètì mi. Súpámákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń bọ̀, ọ̀rá kún ìjókòó ẹ̀yìn fọ́fọ́. Mo rí ápù níbẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń kó wá láti South Africa, tí bébà kékeré máa ń wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ káàbọ̀ o, Dádì."

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Eélòó lẹ ń ta kíréètì?"

Mo ní ₦5,000. Ní ọjà Bódìjà lọ́sẹ̀ yẹn, ₦5,800 ni wọ́n ń pè é. Mo yọ ₦800 nítorí pé a jọ ń gbé àdúgbò kan náà, a jọ ń dá owó ọlọ́dẹ.

"Háà! Tíṣà! Ṣebí ẹ̀yìnkùlé yín náà ló ti ń jáde! Kì í ṣe pé ẹ rà á. Ẹ gba ₦3,000."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tíṣà ni o, àwọn ọmọ kíláàsì mi mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Mo ní, "Dádì, kò gbà." Wọ́n fi igba náírà kún un. Mo ní kò gbà síbẹ̀. Ni wọ́n bá sọ fún ọmọkùnrin tó bá wọn wá pé kó lọ já ugwu díẹ̀, kí n fi ìyẹn ṣe èènì. Èènì orí ọjà tí a ò tíì dá owó rẹ̀! Kí n tó yanu, ọmọ ti wọ àárín ebè, bàtà rẹ̀ ti wà lórí ewédú mi.

Wọn ò ra ẹyin náà. Wọ́n gbé ugwu lọ.

Ohun tó ń dùn mí ni pé, ṣé wọ́n ná ápù? Ọmọbìnrin tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń gbowó ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ṣé wọ́n sọ fún un pé ṣebí orí igi náà ló ti so? Wọ́n fi káàdì sanwó, wọ́n ní ẹ ṣé. Àfi bí wọ́n dé ọ̀dọ̀ èmi tí wọ́n mọ orúkọ ọmọ mi ni wọ́n rántí pé Ọlọ́run ló ń mú nǹkan hù lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́fẹ̀ẹ́ kẹ̀! Adìẹ ẹlẹ́yin kan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 120 lójúmọ́. Ẹ ní ogún adìẹ, wọ́n á jẹ àpò oúnjẹ oní-kílò 25 tán kó tó tó ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹ ò sì lè fi oúnjẹ náà ṣe àrékérekè. Ẹ dín àgbàdo àti sóyà inú rẹ̀ kù, ẹyin á dín. Ẹ má fi ìkarahun lílọ̀ sí i, èèpo ẹyin á máa fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Pupa ẹyin tí ẹ ń yìn pé ó pọ́n yẹn, àgbàdo pupa àti ewé tútù tí mò ń já fún wọn ló pọ́n ọn. Omi ńkọ́? Bí iná ò bá sí, jẹnẹrétọ̀ ló ń fa omi, gbogbo wa la sì mọ ibi tí owó epo gbà lọ láti 2023.

Ká má tíì sọ ti lúkúlúkú, àìsàn tó ń pa adìẹ. Bí ọyẹ́ bá ti mú, àyà mi á máa já. Ẹ óò rí adìẹ tó kọ oúnjẹ lálẹ́, tó ń ṣu ìgbẹ́ olómi, ọrùn rẹ̀ á ṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá wọ inú ilé tí wọn ò gba àjẹsára, ó lè kó gbogbo wọn lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, mò ń ra àjẹsára, mo sì ń ra yìnyín tí mo fi ń gbé e wálé kó má bàa bàjẹ́. Bí àìsàn mìíràn bá sì wọlé tí mo lo oògùn fún wọn, ẹyin tí wọ́n bá yé títí oògùn náà fi kúrò lára wọn kò ṣeé jẹ, kò ṣeé tà. Ilẹ̀ ni mò ń gbẹ́ tí mo ń bò ó mọ́. Ta ló máa wá ná ìyẹn?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní ẹyin inú ilé kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí ẹ ń rà lórí àtẹ, nọ́ńbà mélòó ló wà lára rẹ̀? Tèmi, mo fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ tí wọ́n yé e sí i lára. Ẹ jù ú sínú omi, bó bá léfòó, ẹ dá a padà. Ẹlòmíràn á ní kí n kúkú máa fi ta aládùúgbò lọ́rẹ. Mò ń ta lọ́rẹ! Ẹ bi ìyá àgbà ilé kejì wa. Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fún ènìyàn yàtọ̀ sí èyí tó fi ẹ̀rín gbà lọ́wọ́ mi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí náírà bébà dàwátì nítorí owó tuntun, tí ẹyin ń wà lọ́rùn àwọn àgbẹ̀ ńlá láìsí olùrà, èmi fi àwìn tà fún àdúgbò yìí. Àwọn kan ò tíì san án dòní. Wọ́n mọ ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn máa ń tẹ láìkì sí ọ̀rọ̀ mi níbí.

Ibí ni mo fẹ́ fàbọ̀ sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún ìyá tó ń pàtẹ ní oríta wa, tí wọ́n ń ta gààrì, ẹyin àti màgí. Ọlọ́jà ẹgbẹ́ mi ni mo pè wọ́n, mo rò pé a ó jọ bú bàbá ọlọ́kọ̀ náà ni. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n bi mí pé eélòó ni mo tiẹ̀ kọ́kọ́ pè é. Mo ní ₦5,000.

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Tíṣà, ẹ ò ní bínú sí mi o. Iye tí ẹ pè yẹn, èmi gan-an ò rí i rà níbi tí mo ti ń gbé ọjà. Mo tún máa wọ kẹ̀kẹ́ dé ilé, àwọn míì á fọ́ lọ́nà. Kí n tó jèrè lórí kíréètì kan, mo ti jókòó sínú oòrùn tó ọjọ́ méjì. Ẹ̀yin, bí kò bá tà, ẹ ó sè é fún ọmọ jẹ. Ẹ tún ní owó oṣù. Èmi, bí kò bá tà, mo ti jẹ gbèsè nìyẹn."

Wọn ò pariwo o. Wọ́n ń wọn gààrì fún ẹnìkan bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Láti ìgbà náà ni ₦800 tí mo yọ fún aládùúgbò ti ń dà mí láàmú. Àpò ta ni mo ti yọ ọ́? Bàbá ọlọ́kọ̀ ò ka òógùn mi sí owó, inú bí mi. Èmi náà ò sì kà á nígbà tí mo ń dá ₦5,000 lé e. Oúnjẹ adìẹ ni mo ṣírò, mi ò ṣírò ara mi, torí pé owó oṣù wà lẹ́yìn. Ìyá yẹn ò ní owó oṣù kankan lẹ́yìn tiwọn.

Mo ní kí n kúkú máa kó o fún wọn kí wọ́n máa bá mi tà á. Wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n mélòó ni mo ní? Kíréètì kan lọ́sẹ̀ yìí, ààbọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òmíràn ńlá, òmíràn kékeré. Bí àwọn adìẹ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìyẹ́ dà, ẹyin tán. Wọ́n ní bí àwọn bá yẹ àdéhùn lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbé ọjà fún àwọn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, á gbé tàwọn fún ẹlòmíràn, ta ni àwọn á padà lọ bá? Òótọ́ ni.

Kí n wá tà á ní iye tí wọ́n ń tà á ní oríta? Mo rò ó. Ta ló máa gun òkè wá sọ́dọ̀ mi ra ẹyin ní iye kan náà, nígbà tí oríta wà nísàlẹ̀? Ọkọ mi ní kí n pa ìdajì àwọn adìẹ náà jẹ lọ́dún Kérésì, kí n fi ìwọ̀nba tí a lè jẹ sílẹ̀. Ó rọrùn fún un láti sọ, òun kọ́ ló tọ́ wọn.

Ní báyìí, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì pa "Ẹyin wà" rẹ́ lára pákó, ó ku "Ẹ̀fọ́ wà", torí wọn kì í ta ẹ̀fọ́ ní oríta. Ẹyin ti lé ní kíréètì méjì nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta àjẹṣẹ́kù nílé, eélòó lẹ ń pè é, báwo lẹ sì ṣe ń dá owó rẹ̀? Bí alátẹ bá wà nítòsí yín, ṣé ẹ ti bi wọ́n léèrè rí?