Ẹ fi oyún ìyá yẹn sílẹ̀

Mo mọ̀ pé fíìmù náà ti pẹ́. Ọdún 2018 ni A Quiet Place jáde, ṣùgbọ́n alẹ́ Sátidé tó kọjá ni èmi àti Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ wò ó, lẹ́yìn Ọjà Ọba níbí ní Àkúrẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń bú ramúramù, àwa ń wo àwọn tí ariwo ń pa.

Àwọn ẹ̀dá abàmì kan ló gbayé. Afọ́jú ni wọ́n, àmọ́ bí nǹkan bá ti dún pẹ́nrẹ́n, wọ́n ti dé. Ìdílé kan wá ń rìn láìwọ bàtà lórí iyanrìn tí wọ́n dà sójú ọ̀nà, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, torí adití ni ọmọbìnrin wọn. (Millicent Simmonds tó ṣe ọmọ yẹn, adití ni lóòótọ́. Ojú rẹ̀ nìkan tó fíìmù.)

Oyún ìyá wọn gan-an ló gbé mi dé ibí. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ fíìmù yìí ló ń fi í ṣẹ̀sín: "Nínú irú ayé yẹn, ta ló rán an lóyún?" Èmi náà ti bá wọn rẹ́rìn-ín rí. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé ìgbà wo ni àbíkẹ́yìn wọn kú. Mo ní ọjọ́ 89 tí àwọn ẹ̀dá yẹn ti dé, wọ́n kọ ọ́ sójú fíìmù. Ìgbà tí a fi máa rí ikùn ìyá, ó ti di ọjọ́ 472.

Màmá wá mi orí. "Rẹ̀mílẹ́kún nìyẹn."

Èmi tó ń kọ èyí, orúkọ mi kejì nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló lọ kí n tó dé. Ṣùgbọ́n Màmá tèmi ráyè sunkún, àdúgbò gbọ́, wọ́n wá bá a jókòó. Ìyá inú fíìmù ò lè ké. Ẹ sì tún ń sọ pé kò ronú? Wọ́n ti kan àpótí tí ọmọ máa sùn sí, wọ́n ti wá ọ́síjìn sí i, kí igbe rẹ̀ má baà jáde.

Ìṣó tó yọrí lórí àtẹ̀gùn nìkan ni mi ò lè gbèjà. Ìyá fẹsẹ̀ gún un, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Màmá ní, "Ṣé wọn ò ní òòlù nílé ni?"

Mo ní, "Màmá, òòlù máa dún."