Ìbéèrè Kọ́ Ló Ń Fi Ikú Síni Lọ́kàn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan gbá mi lápá mú lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ọmọ wọn bóyá ó ń rò ó láti gbẹ̀mí ara ẹ̀ ni. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn sí i lọ́kàn o!" Lọ́jọ́ kejì, pásítọ̀ wọn tún wá wí bákan náà. Ó ti sú mi.

Ọmọ tí kò rí oorun sùn láti ọjọ́ mẹ́rin, tó ti ń pín aṣọ ẹ̀ fún àwọn àbúrò, èmi ni mo kọ́ ọ?

Lọ́dún 2005, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Madelyn Gould àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde lórí akẹ́kọ̀ọ́ 2,342 ní ilé ẹ̀kọ́ girama mẹ́fà ní ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n bi àwọn kan nípa ìpara-ẹni, wọn ò bi àwọn tó kù. Lọ́jọ́ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n bi gbogbo wọn. Àwọn tí wọ́n ti kọ́kọ́ bi kò ro ikú ju àwọn yòókù lọ rárá. Kódà, nínú àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti ń bá jà tẹ́lẹ̀, ara àwọn tí wọ́n bi ló fúyẹ́ jù. Lọ́dún 2014, àwọn mìíràn kó ìwádìí 13 jọ, tọmọdé tàgbà: kò sí èyí tó fi hàn gbangba pé ìbéèrè ń dá èrò náà sílẹ̀. Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀, mo gbà.

Ẹ ní a kì í fẹnu pe aburú. Ṣebí àwa náà là ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lójú agbo, ta ló ń di ọmọdé létí?

Ìdáhùn yẹn la fi ń mọ ẹni tí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ máa sún mọ́ tábìlì nọ́ọ̀sì, ẹni tí a máa jókòó tì tọ̀sán-tòru, ẹni tí kò tíì yẹ kó lọ sílé. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo rọra yí i po fún bàbá kan: "Bàbá, ṣé ọkàn yín balẹ̀?" Wọ́n ní ó balẹ̀. Mo kọ ọ́ sí fáìlì, mo lọ sílé. Lóru ọjọ́ yẹn, ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì tó figbe ta. Nígbà tí ara bàbá yá, wọ́n ní: "Ọmọ mi, o ò bi mí. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá sọ."

Látìgbà náà, tààrà ni mo ń bèèrè: "Ṣé ò ń rò ó láti pa ara ẹ ni?" Màá sì dákẹ́.

Ọmọ ìyá yẹn wò mí títí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, láti oṣù kejì." Lẹ́yìn náà ló ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ìyá ẹ̀ ló sáré lọ bu omi wá.