Ẹ fún ará abúlé ní ìpín nínú igbó ọba

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ṣàgámù lọ sí Ọ̀rẹ̀, bó bá ti dé J4 ní ìpínlẹ̀ Ògùn, yóò rí àwọn ọkọ̀ agbégẹdú tí igi kún ẹ̀yìn wọn fọ́fọ́. Igbó ọba Omo ló wà lẹ́yìn oríta yẹn. Ọdún 1925 ni ìjọba amúnisìn ti yà á sọ́tọ̀. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 130,000 hẹ́kítà, àjọ UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó tó ṣe pàtàkì fún gbogbo àgbáyé ní ọdún 1977. Erin ṣì wà nínú rẹ̀ títí di òní. Erin, níbi tí kò jìnnà sí Èkó! Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó mọ oríkì erin ni kò mọ̀ pé ẹranko náà kò tíì tán nílẹ̀ wa.

Àmọ́ ibùgbé rẹ̀ ń tán lọ. Àwọn agégẹdú ń fi ẹ̀rọ ìgégi wọlé láìgbàṣẹ, oko kòkó ti wọ inú igbó jìnnà, àwọn tó ń sun èédú náà kò gbẹ́yìn. Ìjọba nìkan kò lè ṣọ́ igbó tó fẹ̀ tó báyìí. Ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kò pọ̀ tó, ilẹ̀ sì gbòòrò ju ohun tí ẹsẹ̀ àti alùpùpù lè kárí. Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń sọ ni pé kí àwọn ìjọba Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó, Ọ̀ṣun àti Èkìtì fi òfin sọ àwọn abúlé tó yí igbó ọba ká di alábàápín. Kí wọ́n bá wọn kọ ìwé àdéhùn, kí ohun tó kàn wọ́n nínú owó igi hàn kedere nínú ìwé náà, kí wọ́n sì máa san án lásìkò. Ìpàdé ìlanilọ́yẹ̀ lásán kò tó.

A ti dán irú àjọṣe kan wò rí. Láyé ìjọba amúnisìn ni àwọn òyìnbó onímọ̀ igbó kó ètò kan tí wọ́n ń pè ní taungya wá láti Bọ́mà, ibi tí àwọn bàbá wa lọ jagun. Ìjọba á fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ nínú igbó ọba, àgbẹ̀ á gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, á sì máa tọ́jú àwọn ọmọ igi tí wọ́n gbìn sáàárín ebè. Bó bá di ọdún kejì tàbí ìkẹta, tí òjìji igi kò jẹ́ kí iṣu ta mọ́, àgbẹ̀ á palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, á wábi gbà. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi gbin púpọ̀ nínú igi mẹ̀láìnà àti tíìkì tí à ń gé tà lónìí. Ibi tó ti wọ́ ni pé igi kò kan àgbẹ̀. Bí igi bá yè, ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí igi bá kú, ó tún lè kọ ebè lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àgbẹ̀ míì a máa fi ọkọ́ gé gbòǹgbò ọmọ igi nígbà tó bá ń roko, kó lè pẹ́ díẹ̀ sí i lórí ilẹ̀. A kò dá a láre. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi àkọ́kọ́ wà lọ́rùn ẹni tó kọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, tó fi iṣẹ́ fún àgbẹ̀ tí kò fún un ní èrè.

Àwọn ará Gánà ní irú ètò yìí pẹ̀lú, ó sì bà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ bó ṣe bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ní nǹkan bí ọdún 2002, wọ́n tún un tò. Nínú ètò tuntun náà, bí igi bá dàgbà tí wọ́n tà á, ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti àgbẹ̀ tó gbìn ín, ìpín 40 jẹ́ ti àjọ ìjọba tó ń rí sí igbó, ìpín 15 jẹ́ ti àwọn ọba àti ìdílé tó ni ilẹ̀, ìpín 5 tó kù jẹ́ ti ìlú tó wà létí igbó. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà. Àgbẹ̀ kan náà, ọkọ́ kan náà, ṣùgbọ́n igi ti di ogún tó lè fi sílẹ̀ fún ọmọ. Gánà kò bọ́ lọ́wọ́ wàhálà pátápátá. Ẹjọ́ pọ̀ pé ìwé àdéhùn kò tètè dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni igi a máa pẹ́ kó tó dowó, àgbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹun kó tó dìgbà náà. Ìyẹn ló ṣe yẹ kí tiwa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí àgbẹ̀ mú dání kó tó gbin igi kan ṣoṣo, kí wọ́n sì jẹ́ kó máa kórè nǹkan míì lábẹ́ igi: ewé ẹ̀kọ, ìgbín, oyin, èso òro.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ará abúlé kò lè tọ́jú igi bí kò bá sí ọlọ́pàá lẹ́yìn rẹ̀, kó wo orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r tí kò jìnnà sí wa. Òfin tí Faransé fi sílẹ̀ níbẹ̀ sọ pé ìjọba ló ni igi, àní èyí tó wà nínú oko olóko. Àgbẹ̀ tó bá gé ẹ̀ka igi inú oko rẹ̀ lè san owó ìtanràn. Nítorí náà, bí igi bá ti ń hù ni wọ́n ń hú u dànù. Láti àwọn ọdún 1980 ni nǹkan ti yí padà ní Maradi àti Zinder. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dẹwọ́ òfin náà, àwọn àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn kùkùté tó wà lábẹ́ ilẹ̀ sí, wọ́n ń yan ẹ̀ka tó dáa jù, wọ́n ń gé ìyókù fún igi ìdáná. Wọn kò ra ọmọ igi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lónìí, ilẹ̀ tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà ló ti padà ní igi lórí níbẹ̀, àwòrán sátẹ́láìtì sì fi í hàn. Aṣálẹ̀ ń sún mọ́ wọn ju bó ṣe ń sún mọ́ wa lọ, wọ́n sì ṣe é.

Ọ̀rọ̀ pápá ìjẹko náà kan wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù láti dá sí i nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ti ta sílẹ̀. Ní agbègbè Shinyanga ní Tànsáníà, ìjọba amúnisìn ti gé igbó lulẹ̀ láti fi pa eṣinṣin tsetse tó ń kó àìsàn ran èèyàn àti màlúù, màlúù sì jẹ èyí tó kù dé orí yẹ̀pẹ̀. Láti ọdún 1986 ni ìjọba wọn ti bá àwọn ará Sukuma sọ àṣà ìbílẹ̀ wọn kan, ngitili, dọ̀tun. Wọ́n á pa apá kan pápá tì nígbà òjò kí koríko àti igi lè hù, wọ́n á sì ṣí i fún màlúù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdílé ló ni òmíràn, abúlé ló ni òmíràn, àwọn àgbà abúlé ni wọ́n sì ń dá ẹjọ́ ẹni tó bá da ẹran wọ ibẹ̀ lákòókò tí kò tọ́. Ilẹ̀ tí wọ́n dá sí báyìí kò ju nǹkan bí 600 hẹ́kítà lọ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò tó ogún ọdún tó fi lé ní 300,000.

Ní Òkè Ògùn, igbó àti pápá Old Oyo National Park fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, ìjọba àpapọ̀ ló sì ń ṣàkóso rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò níí dé kí màlúù má wọ ibẹ̀. Òfin tó ń de dída ẹran kiri ti wà ní àwọn ìpínlẹ̀ wa, a sì fara mọ́ ọn, nítorí oko olóko kì í ṣe pápá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n òfin tó sọ ibi tí màlúù kò gbọ́dọ̀ dé gbọ́dọ̀ sọ ibi tó máa jẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí Gómìnà Rotimi Akeredolu pàṣẹ pé kí àwọn darandaran tí kò forúkọ sílẹ̀ kúrò nínú igbó ọba ìpínlẹ̀ Oǹdó láàárín ọjọ́ méje, ariwo ta káàkiri Nàìjíríà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fetí sí nínú àṣẹ náà ni ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀. Ó fẹ́ kí ìjọba mọ ẹni tó ń gbé inú igbó. Ẹni tó ń sin màlúù, tí ìlú mọ̀ ọ́n, tí baálẹ̀ mọ ilé rẹ̀, tó san owó koríko, tó sì fọwọ́ sí i pé òun kò níí finá sun pápá, alábàápín lè di òun náà.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ yìí kò bá àsìkò mu, pé àwọn ajínigbé ló wà nínú igbó báyìí, ìbọn ló sì kàn. A kò fojú kéré ẹ̀rù yẹn. Àwọn òbí tí wọ́n ti ta ilé láti fi ra ọmọ wọn padà wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ ń rí àjèjì nínú igbó? Ọdẹ ni, àti obìnrin tó lọ já ewé, àti àgbẹ̀ tó sùn sí ahéré. Bí igbó bá jẹ́ tiwọn, wọ́n á sọ. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ igbó ló ń lé wọn kiri bí olè, wọ́n á dákẹ́. Nínú igbó Omo, níbi tí àjọ Nigerian Conservation Foundation ti ń bá ìjọba Ògùn ṣiṣẹ́, àwọn kan lára àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ erin lónìí jẹ́ ọdẹ tó ń pa ẹran níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú tó mọ ipasẹ̀ ẹran mọ ipasẹ̀ èèyàn.

Ọ̀rọ̀ àwọn olóko kòkó ló le jù. Òmíràn ti pẹ́ nínú igbó ọba, ó ti bímọ síbẹ̀, ó sì ti san owó fún ẹni tó sọ pé òun lè fún un ní ilẹ̀. Bí ìjọba bá lọ fi katakata wó ahéré wọn, yóò dá ogun sílẹ̀, igi kan kò sì níí hù nípasẹ̀ rẹ̀. Ẹ forúkọ wọn sílẹ̀, ẹ wọn oko wọn, ẹ fòfin de oko tuntun pátápátá, kí ẹ sì jẹ́ kó di dandan pé kí wọ́n gbin ìrókò, ọ̀gànwó, àfàrà àti igi ọ̀mọ̀ tí àwọn onílù ń wá kiri sáàárín kòkó, kí ìpín tiwọn nínú igi náà sì wà nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ajé gan-an ń lé wa bọ̀. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní ọdún 2023 sọ pé àwọn kò níí ra kòkó tó wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n wọn kò fagi lé e. Àgbẹ̀ tí ìjọba kò mọ oko rẹ̀ kò níí rí ìwé tó máa fi ta kòkó rẹ̀ fún wọn.

Ní ti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń wá pẹ̀lú owó láti fi gbin igi tàbí láti fi ra ẹ̀tọ́ afẹ́fẹ́ inú igbó (ohun tí òyìnbó ń pè ní carbon credit, owó tí wọ́n ń san nítorí èéfín tí igi ń fà mọ́ra), a kò ní kí wọ́n má wá. A nílò owó wọn. Àmọ́ kò sí àdéhùn lórí igbó ọba tó yẹ kó jẹ́ àṣírí. Iye ọdún tí wọ́n máa lò, iye hẹ́kítà, iye owó, àti ohun tó máa kan abúlé, kí ìjọba tẹ gbogbo rẹ̀ jáde ní Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òun kò lè fara mọ́ èyí, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kò ju 75 hẹ́kítà lọ, ààrin ìlú ńlá ló sì wà. Ìdí tí igi fi dúró níbẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tó yí i ká ló ní ipò nínú rẹ̀: àwọn olùsìn, ààfin Àtáọ́ja, àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger) ṣiṣẹ́, ìjọba tó sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1965, àti UNESCO tó gbà á wọlé sínú àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo àgbáyé ní 2005.

Ìgbìmọ̀ aṣòfin Ògùn ló yẹ kó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí ọwọ́ wọn ni Omo wà. Kí wọ́n ṣe òfin àjọpín, kí wọ́n fi ìpín 40 tí Gánà ń fún àgbẹ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà, kí wọ́n sì ya àpò owó igbó sọ́tọ̀ kúrò nínú àpò ìjọba, kí owó tó wá láti inú igi lè padà sínú igi. Kí owó oṣù àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó àti owó tí wọ́n máa fi wọn oko wà nínú ìsúná ọdún tó ń bọ̀. Kí àwọn baálẹ̀ abúlé tó wà létí igbó jókòó síbi tí wọ́n ti ń kọ òfin náà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́.